Ṣé ìtọ̀ á máa jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prostate? Bí dókítà ṣe ń mọ̀ ọ́n ṣáájú

Ìbéèrè kan wà tó máa ń nira fún bàbá láti bi dókítà lójú àwọn ọmọ rẹ̀: “Ṣé ìtọ̀ ò ní máa jò sí mi lára?” Ẹni tó ń wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, tó ń fi agbádá jókòó nípàdé ẹbí, kò yẹ kó tijú láti bi í. Ó ní ìdáhùn.

Ẹ̀ṣọ́ méjì ló ń ti ilẹ̀kùn ìtọ̀. Ọ̀kan wà lẹ́nu àpò ìtọ̀, èkejì wà nísàlẹ̀ prostate, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká lábẹ́ àpò ìtọ̀. Bí prostate bá kàn wú láìsí jẹjẹrẹ, inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yọ; ọwọ́ kì í sábà kan ẹ̀ṣọ́ ìsàlẹ̀, àwọn tí ìtọ̀ ń jò lára wọn títí lọ kò sì pọ̀. Ti jẹjẹrẹ yàtọ̀. Gbogbo prostate ni wọ́n ń gbé kúrò, ẹ̀ṣọ́ òkè a fara gbá a, ẹ̀ṣọ́ ìsàlẹ̀ a wá ku òun nìkan.

Nítorí náà, ẹ̀ṣọ́ ìsàlẹ̀ yìí ni dókítà ń yẹ̀ wò. Nínú àwòrán MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ó ń wọn gígùn ibi tí ọ̀nà ìtọ̀ ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ó sábà máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 14. Bó bá ṣe gùn sí ni jíjò ìtọ̀ ṣe ń tètè dúró.

Ọjọ́ orí tó ti lọ, sísanra jù, ìtọ́jú onítànṣán tàbí iṣẹ́ abẹ prostate tó ti wáyé rí, gbogbo wọn ló ń dín ìrètí kù. Àwọn fọ́nrán iṣan (nerve) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ prostate náà ṣe pàtàkì. Dókítà Patrick Walsh ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ dá wọn sí nígbà iṣẹ́ abẹ ní 1982. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ bá ti mú wọn, kò ṣeé dá sí. Ọwọ́ ẹni tó mú ọ̀bẹ náà ńkọ́? Ẹ bi í iye tó ti ṣe.

Ohun tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan. Ìgbà tí yóò gbà wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí wọ́n bá yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ jáde, èèyàn púpọ̀ ló ń jò bí wọ́n bá wúkọ́ tàbí gbé nǹkan. Láàárín ọdún kan, ó máa ń dúró lára ọ̀pọ̀ wọn. Fífún ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ń ran ẹ̀ṣọ́ náà lọ́wọ́. Wọ́n tún lè wọn ìlédìí wákàtí 24 lórí òṣùwọ̀n láti mọ bó ṣe ń dín kù. Bó bá kọ̀ tí kò dúró lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀ṣọ́ àtọwọ́dá wà tí wọ́n lè fi sí i lára.