Hóró Ṣúgà Kan Lọ́sẹ̀ Méjì-Méjì

Ẹni tó bá mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ó kúná, ó gbẹ, ó sì kan. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti lọ̀ kan kí wọ́n tó yan án, kíkan yẹn ló sì ń pe ṣúgà wọ inú abọ́. Ọmọdé á fi hóró méjì mu ún, ọ̀dọ́ á sọ ọ́ di mẹ́rin, kó tó di àgbàlagbà ó ti di mẹ́jọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bí hóró kan bá jẹ́ gíráàmù 4, hóró mẹ́jọ jẹ́ gíráàmù 32 nínú abọ́ kan ṣoṣo. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé yóò dáa kí ṣúgà tí à ń fi kún oúnjẹ má tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa. Fún àgbàlagbà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25 lóòjọ́. A ò tíì ka tíì àárọ̀, a ò sì tíì ka málítì tí ọ̀pọ̀ ń mu pé ó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun. Ṣúgà pọ̀ nínú málítì. Ẹ wo ara ìgò rẹ̀.

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ dín ṣúgà kù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: wọ́n á kó gbogbo ṣúgà ilé dànù lọ́jọ́ kan, wọ́n á búra. Lọ́jọ́ kẹta, kíkan gàrí á gún ahọ́n, wọ́n á ní àwọn ò lè ṣe é, pákẹ́ẹ̀tì tuntun á sì wọlé. Ẹ má pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláìnípinnu. Ahọ́n tó ti mọ́ hóró mẹ́jọ láti ogún ọdún ni wọ́n ní kó gba òfo lọ́jọ́ kan. Òun náà nílò àkókò.

Ẹ yọ hóró kan péré. Méje ni kẹ́ ẹ máa lò fún ọjọ́ 14, lẹ́yìn náà mẹ́fà fún ọjọ́ 14 mìíràn, títí ó fi máa ku méjì. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà nìyẹn, ọjọ́ 84. Bí ẹ bá ń mu abọ́ kan lóòjọ́, hóró 672 lẹ̀ bá ti lò láàárín ìgbà náà; báyìí, 378 ni. Ẹni tó bá ní kí òun yọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan kó lè yá, ìmọ̀ràn mi ni pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ ka hóró náà sínú ìdérí kẹ́ ẹ tó ṣí gàrí, kẹ́ ẹ dá pákẹ́ẹ̀tì padà sí kọ́bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ tó bu omi. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ọwọ́ á padà lọ síbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ ṣan gàrí náà lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ da omi àkọ́kọ́ nù pẹ̀lú pàǹtí tó léfòó: omi yẹn ń gbé díẹ̀ lára kíkan náà lọ. Omi tútù, ẹ̀pà àti àgbọn á ràn yín lọ́wọ́, nítorí àgbọn ní adùn tirẹ̀. Ẹ má fi oyin dípò. Ṣúgà ni oyin náà nínú ara.

Lára kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri, ẹ fi báírò fa ìlà kan sórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí iye náà bá pé.

Ọ̀pọ̀ ti gbọ́ pé ọjọ́ 21 ni àṣà tuntun fi ń wọra. Lọ́dún 2009, Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London gbé ìwádìí jáde lórí èèyàn 96 tó ń kọ́ àṣà tuntun kan. Ìdajì àwọn tí wọ́n lè ṣírò tiwọn dáadáa lò ju nǹkan bí ọjọ́ 66 lọ. Ẹni tó tètè mọ́ lára lo 18, ti ẹlòmíì sì lè gbà tó 254. Wọ́n tún rí i pé kéèyàn pa ọjọ́ kan jẹ kì í ba àṣà tó ń hù lọ́wọ́ jẹ́. Ibi tó yẹ ká dúró lé nìyí, nítorí kì í ṣe ọjọ́ tí a ṣubú ló ń pa ìyípadà bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ lọ́jọ́ kejì: “Ó ti bàjẹ́ náà.”

Ẹ wo ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojúde Ọba kún, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí ti múra, ilé gbogbo ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àlejò. Ẹ máa mu ún, ẹ ò sì ní fa ìlà lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, tó bá jẹ́ pé márùn-ún lẹ wà tẹ́lẹ̀, ẹ padà sí márùn-ún. Ẹ má sọ ọ́ di méjì láti fìyà jẹ ara yín, ìyẹn ló ń lé èèyàn padà sí mẹ́jọ. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá bọ́ pátápátá, ẹ fi hóró kan kún un, kẹ́ ẹ ka ọjọ́ 14 lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tó ń lo oògùn rẹ̀, kó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀ kó tó yí ohunkóhun padà, nítorí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ jù: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo èèyàn, ojú á máa ṣú. Kí onítọ̀hún sì mọ̀ pé gàrí fúnra rẹ̀ ń di ṣúgà nínú ara, bí kò tiẹ̀ sí hóró kankan nínú abọ́. Ìwọ̀n abọ́ náà ni kí òun àti dókítà jọ sọ ṣáájú.