Ìdọ́gba ìpààrọ̀ láàrin àwọn fẹ́míọ̀nù

Fẹ́míọ̀nù ni àwọn èérún tí spin wọn (irú yíyí àbínibí kan tí èérún ní) jẹ́ 1/2, 3/2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù, prótọ̀nù àti niútírọ̀nù wà lára wọn. Ìyá ìbejì lè dá Táyé mọ̀ yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan tí a lè fi dá ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Bí méjì nínú wọn bá pààrọ̀ ipò, ohun tó ń yí padà kò ju àmì iwájú fọ́ńkṣọ̀n ìgbì wọn (ìṣirò tó ń ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe wà) lọ: àmì àròpọ̀ á di àyọkúrò. Níbẹ̀ ni òfin tí Wolfgang Pauli gbé kalẹ̀ ní 1925 ti fìdí múlẹ̀, pé fẹ́míọ̀nù méjì tó jọra kò lè wà ní ipò kan náà, níbi tí ohun gbogbo nípa wọn, títí kan spin, ti bára mu. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, ìpààrọ̀ kò ní yí nǹkan kan padà, síbẹ̀ àmì gbọ́dọ̀ yí. Òdo nìkan ló lè gba méjèèjì, ìyẹn ni pé irú ipò bẹ́ẹ̀ kò sí.

Ọ̀nà 6 ni a lè gbà pààrọ̀ èérún 3. Fún 10, ó di 3,628,800. Gbogbo ìpààrọ̀ wọ̀nyí para pọ̀ di ohun tí àwọn onímathimátíìkì ń pè ní ẹgbẹ́ (group): bí a bá ṣe méjì nínú wọn tẹ̀léra, ọ̀kan nínú wọn náà la ó tún rí. Onífísíìsì Eugene Wigner ló kọ́kọ́ lo ẹ̀kọ́ nípa ẹgbẹ́ fún àkójọ èérún púpọ̀, ní 1926 sí 1927, lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ John von Neumann ti ní kó lọ ka iṣẹ́ àwọn onímathimátíìkì Frobenius àti Schur.

Hílíọ́ọ̀mù ni àpẹẹrẹ tó yéni jù. Nígbà kan, àwọn kan rò pé gáàsì méjì ni, nítorí oríṣi ìlà ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń yọ jáde lára rẹ̀. Onífísíìsì Werner Heisenberg tú u ní 1926: ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù méjì ló wà nínú átọ̀mù náà, bí apá spin wọn bá sì dọ́gba lábẹ́ ìpààrọ̀, apá tó ń sọ ibi tí wọ́n wà gbọ́dọ̀ yí àmì padà. Èyí ń mú kí wọ́n jìnnà síra, kí iná ara wọn má fi bẹ́ẹ̀ ti ara wọn. Nítorí náà, nínú ipò 1s2s (ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù kan ní ìpele kìíní, èkejì ní ìpele kejì), agbára èyí tí apá spin rẹ̀ dọ́gba fi nǹkan bíi 0.8 eV (eV jẹ́ òṣùwọ̀n agbára) kéré sí ti èyí tí apá spin rẹ̀ ń yí àmì padà. Agbára òòfà láàrin spin kéré jù láti fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ onífísíìsì kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí; wọ́n ń pè é ní Gruppenpest, àjàkálẹ̀ ẹgbẹ́. Inú wọn dùn ní 1929 nígbà tí onífísíìsì John Slater fi dẹ́tẹ́mínáǹtì (iye kan tí a ń ṣírò láti inú àtẹ onílà) rọ́pò rẹ̀: pààrọ̀ ìlà méjì, àmì á yí, mú ìlà méjì bára mu, á di òdo. Ẹ̀kọ́ náà kò tìtorí ìyẹn kú. Ní 1937, Wigner ka prótọ̀nù àti niútírọ̀nù sí ojú méjì èérún kan náà, ó sì fi ẹgbẹ́ SU(4), tó so spin pọ̀ mọ́ ojú méjì yìí, to àwọn ipò inú kóró átọ̀mù.