Ọ̀rọ̀-ìperí gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀-ìperí gírámà Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ tí a fi ń pe ẹ̀yà gbólóhùn: noun, verb, phrase, clause àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ iléèwé ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà ti bá púpọ̀ nínú wọn pàdé ní kíláàsì Yorùbá. Noun ni ọ̀rọ̀-orúkọ, verb ni ọ̀rọ̀-ìṣe, adjective ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe, adverb ni ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, phrase ni àpólà, clause ni awẹ́-gbólóhùn. Ifẹ̀ náà ni yunifásítì ìlú ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ gbogbo, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀.

Orúkọ lè bára mu kí ìṣesí má bára mu. “Ga” nínú “Adé ga”, ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Tall kì í ṣe verb, adjective ni, kò sì lè dúró níbẹ̀ láìsí is. Ibẹ̀ ni “Ade tall” ti ń wá. “Ó” kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin. Ní Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn gbọ́dọ̀ mú he, she tàbí it.

Awẹ́-gbólóhùn ló ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́ jù. Nínú àyọkà ìdánwò WASSCE, wọ́n máa ń fa ègé kan yọ, wọ́n á ní kí a sọ orúkọ gírámà rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní olùwà, tó sì ń fi àkókò hàn. Bí kò bá sí, phrase ni: selling kola nuts kò ní olùwà. Bí ó bá wà, clause ni. Wo èyí:

The woman who sells kola nuts at Atakumosa Market knows that rain will fall.

Láti who dé Market ń yán woman: adjectival clause, it qualifies the noun “woman”. That rain will fall ni ohun tí obìnrin náà mọ̀. Fi it rọ́pò rẹ̀, “she knows it”, gbólóhùn kò ní wó. Noun clause ni, object of the verb “knows”. Ẹni tó kọ object lásán kò tíì dáhùn tán. Ó yẹ kó dárúkọ verb náà.

Yorùbá ń ranni lọ́wọ́ níbi that. “She said that”, ó sọ pé: noun clause. “The yam that she bought”, iṣu tí ó rà: adjectival. Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ yìí máa ń tan ọmọ jẹ níbi when. “I don't know when she came” á di “n kò mọ ìgbà tí ó dé”, ọmọ á rí tí, á kọ adjectival. Noun clause ni, torí kò sí noun kankan ṣáájú when tó lè yán. “The day when she came” ló jẹ́ adjectival, torí day wà níbẹ̀. “When she came, we ate” jẹ́ adverbial: it modifies the verb “ate”.

Ní ti ọnà-èdè, afiwé tààrà ni simile, afiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni metaphor, ìfohunpènìyàn ni personification, àsọdùn ni hyperbole. Like nìkan kò sọ ọ̀rọ̀ di simile: “she looks like her mother” kàn ń sọ pé ọmọ jọ ìyá rẹ̀ ni.