Èèrà inú ìgò ní Kẹ́ńyà àti tanpẹ́pẹ́ orí máńgòrò wa: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé ẹjọ́ ní Kẹ́ńyà bu owó ìtanràn lé ọ̀dọ́kùnrin méjì ará Bẹ́ljíọ̀m tí wọ́n ká èèrà bíi 5,000 mọ́ lọ́wọ́, nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú dí lẹ́nu. Àwọn tó gbọ́ ọ ní Ìlọrin ò yéé béèrè pé ṣé tanpẹ́pẹ́ orí máńgòrò ilé wọn náà ti di owó.

Ta ló ń ra èèrà?

Àwọn tó ń sìn ín nínú gíláàsì ní Yúróòpù àti Éṣíà, bí àwa ṣe ń sin ẹyẹlé. Ìyá èèrà ni wọ́n ń wá, torí ìyá kan tí akọ ti gùn tó láti bí odindi agbo. Ẹni tó ní owó rẹ̀ ló mọ ohun tó ń fi í ṣe.

Ṣé irú èèrà kan náà ni?

Rárá. Ti Kẹ́ńyà, Messor cephalotes, inú ilẹ̀ ló ń gbé, hóró koríko ló ń kó jọ. Èyí tó wà lórí máńgòrò wa ni Oecophylla longinoda. Orí igi ló ń gbé, ẹran ló sì ń pa jẹ.

Ṣé tanpẹ́pẹ́ ò tó ni? Kí la fẹ́ fi orúkọ gígùn yẹn ṣe?

Tanpẹ́pẹ́ tó fún wa nínú àgbàlá. Ṣùgbọ́n èèrà tí ìlú kan ń pè bẹ́ẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ìlú kejì, adájọ́ ò sì lè fi ìyẹn dá ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń lo orúkọ méjì, ti ìdílé àti ti ẹni, gẹ́gẹ́ bí Linnaeus ará Sweden ṣe là á sílẹ̀ fún ẹranko lọ́dún 1758. Ará Faransé kan, Pierre André Latreille, ló kọ́kọ́ kọ longinoda, orúkọ ti ẹni fún èèrà wa yìí, sílẹ̀ lọ́dún 1802.

Àlùfáà ni Latreille. Nígbà tí rògbòdìyàn gba ìjọba Faransé, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Dókítà tó wá yẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò bá a níbi tó ti tẹjú mọ́ kòkòrò kan nílẹ̀. Latreille ní kòkòrò náà ṣọ̀wọ́n. Dókítà mú kòkòrò náà lọ han ọ̀dọ́ onímọ̀ kan ní Bordeaux, ẹni yìí mọ iṣẹ́ Latreille, òun ló sì bá a wá ọ̀nà tó fi jáde. Kòkòrò gba àlùfáà sílẹ̀. Ìwàásù wo ló tún kù?

Lọ́dún 1860, Frederick Smith, onímọ̀ kòkòrò ará Gẹ̀ẹ́sì, fún ìdílé èèrà wa ní orúkọ Oecophylla. Èdè Gíríìkì ni: ilé àti ewé.

Báwo ló ṣe ń rán ewé láìní abẹ́rẹ́?

Ẹ lọ wò ó láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fara ti igi. Wọ́n á tò sétí ewé kan, wọ́n á fi ẹnu gbá etí ewé kejì mú, wọ́n á máa fà á. Bí ewé méjèèjì bá jìnnà síra, ọ̀kan á gbá ìkejì mú níbàdí, òmíràn á gbá ìyẹn mú, títí wọ́n á fi di okùn lófuurufú. Bí ewé bá ti pàdé, àwọn kan á gbé ọmọ wọn jáde, ìdin funfun, wọ́n á máa fi ẹnu rẹ̀ kan ewé òsì, kan ewé ọ̀tún. Ẹnu ọmọ yẹn ni òwú ti ń jáde. Ìkókó tí kò tíì lè rìn ni wọ́n ti sọ di télọ̀.

Ṣé ó ń ta?

Kì í ta. Á bù yín jẹ, á wá fọ́n omi kíkan sójú ibẹ̀.

Ṣé kí n fín oògùn sí kajú mi lọ́nà Òmù-Àrán?

Ẹ rọra. Tanpẹ́pẹ́ ń lé eṣinṣin tó ń yé ẹyin sínú máńgòrò, ó sì ń pa kòkòrò tó ń fa omi ọ̀mùnú kajú. Ní Benin, Ghana àti Tanzania, wọ́n ti ń fi ṣọ́ oko. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń so ilé ìbátan rẹ̀ kọ́ igi ọsàn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń sin àwọn kòkòrò kan tó ń mu omi igi, nítorí omi dídùn tó ń jáde lára wọn, bí Fúlàní ṣe ń sin màlúù nítorí wàrà. Lásìkò ìkórè, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, kí ẹ sì fi ọ̀pá gígùn já máńgòrò.

Ṣé mo lè kó o tà fún òyìnbó?

Mílíọ̀nù kan ṣílè Kẹ́ńyà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12: ohun tí wọ́n dá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nìyẹn, ọmọ Kẹ́ńyà kan sì wà lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, agbo kan lè ní ọ̀pọ̀ ilé ewé káàkiri orí igi bíi mélòó kan, ìyá kan ṣoṣo ló sì ń bí gbogbo wọn. Ilé tí ẹ bá já, ó ṣeé ṣe kí ìyá má sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ni ẹ ó bá nílé.