Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Lílo Agbára Oòrùn Nílé-iṣẹ́ Omi Ẹ̀rọ

Ẹni tó bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi nínú ilé rẹ̀ kì í sábà ronú pé iná mànàmáná ló gbé omi náà dé ibẹ̀. Pọ́ǹpù ló ń fa omi wọlé láti inú odò tàbí adágún. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi álọ́ọ̀mù kó ìdọ̀tí rẹ̀ jọ, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ silẹ̀, tí wọ́n fi yanrìn sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì fi kílórínì pa kòkòrò inú rẹ̀, pọ́ǹpù mìíràn ni yóò tún tì í gba inú páìpù lọ sígboro. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká sọ pé owó iná lè tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ omi ń ná sórí iṣẹ́ rẹ̀. Nílùú Èkó, ọ̀rọ̀ iná ilé-iṣẹ́ omi Ìjù àti ti Adíyàn le débi pé a ní láti kọ́ ibùdó iná gáàsì kan fún wọn sí Akute. Bí a bá wo ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé òùngbẹ àti ọ̀wọ́n ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ ló ń sún àwọn olómi dé ọ̀dọ̀ oòrùn.

Las Salinas, ní aṣálẹ̀ Atacama ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni mo kà sí orírun rẹ̀. Abẹ́ Bolivia ni ilẹ̀ náà wà nígbà náà. Chile ló ni ín lónìí. Àwọn awakùsà ń wa nitrate, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, níbẹ̀, àwọn ìbaaka sì ń fà á lọ sí etí òkun. Òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, omi inú kànga níyọ̀ débi pé ènìyàn kò lè mu ún, ẹranko kò sì lè mu ún. Igi ìdáná kò sí nínú aṣálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1872, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Charles Wilson tẹ́ àwọn ọpọ́n onípákó kalẹ̀ lọ rẹrẹ, ó kun inú wọn ní dúdú kí wọ́n lè mú ooru dáadáa, ó bu omi iyọ̀ tí kò jìn sí wọn, ó sì fi dígí bò wọ́n bí òrùlé tó dagẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣí ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: ooru omi gbéra, ó di ìkán-omi lábẹ́ dígí, ó ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀nà tí a là fún un, iyọ̀ sì jókòó sínú ọpọ́n. Dígí náà lé ní 4,000 mítà onígun mẹ́rin, omi dídùn tó ń jáde níbẹ̀ sì lé ní 20,000 lítà lójúmọ́. Nǹkan bí ogójì ọdún ni ó fi ṣiṣẹ́. Kò sí wáyà kan níbẹ̀, síbẹ̀ oòrùn nìkan ló ń wẹ omi mọ́ fún odidi àwùjọ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ẹran wọn.

Ní Maadi, lẹ́bàá Cairo, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Frank Shuman, fi àwọn jígí gbọọrọ tó tẹ̀ bí ọpọ́n kó ìtànṣán oòrùn jọ ní 1913, ó fi sọ omi di ooru omi, ooru omi náà sì ń wa pọ́ǹpù tó ń fa omi odò Nile sí oko. Ogun àgbáyé tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914 ló fòpin sí i. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà fi pánẹ́ẹ̀lì sólà tiwọn han aráyé ní 1954 ni oòrùn tó rí ọ̀nà tuntun dé ìdí iṣẹ́ omi, ìwọ̀n bí ìdá 6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán ni pánẹ́ẹ̀lì náà sì lè sọ di iná.

Ẹkùn ilẹ̀ tiwa, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, inú mi sì máa ń dùn láti sọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tó ba Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sahara, jẹ́, àlùfáà Kátólíìkì kan, Bernard Verspieren, tó ń gbẹ́ kànga fún àwọn ará agbègbè San ní Mali, gbé pọ́ǹpù tí sólà ń wa kalẹ̀ ní 1977. Omi bá oòrùn mu ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn lọ: a kò lè fi iná ọ̀sán pamọ́ de alẹ́ láìsí bátìrì, ṣùgbọ́n omi tí a fà sínú táńkì orí òkè lọ́sàn-án yóò ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ lóru.

Ọ̀rọ̀ ìlú ńlá yàtọ̀ sí ti abúlé, nítorí pánẹ́ẹ̀lì tí yóò tó ilé-iṣẹ́ omi ìlú ńlá ń gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ, ilẹ̀ ìgboro sì wọ́n. Ojú omi fúnra rẹ̀ ni wọ́n wá yà sí. Ní 2016, Thames Water, ilé-iṣẹ́ tó ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham lómi, bẹ̀rẹ̀ sí í lo iná láti ara pánẹ́ẹ̀lì tó lé ní 23,000 tó léfòó sórí adágún Queen Elizabeth II. Agbára wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 6.3 (mílíọ̀nù kan wáàtì ni mẹ́gáwáàtì kan).

Singapore ló gbé e dé ibi tó ga jù nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀. Erékùṣù kékeré ni, ilẹ̀ kò tó wọn. Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí adágún Tengeh ní 2016 pẹ̀lú mẹ́gáwáàtì 1. Nígbà tó di July 2021, pánẹ́ẹ̀lì 122,000 ti tẹ́ rẹrẹ sórí nǹkan bí hẹ́kítà 45, agbára wọn sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 60. Iná náà tó èyí tí ilé-iṣẹ́ ìwẹ-omi-mọ́ márùn-ún ń lò. Omi tó wà lábẹ́ ń mú kí pánẹ́ẹ̀lì tutù, ìyẹn sì ń jẹ́ kí wọ́n pèsè iná ju àwọn tó wà lórí òrùlé lọ. Nítorí pé omi mímu ni adágún náà, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àwọn pánẹ́ẹ̀lì kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ kọjá, kí ìmọ́lẹ̀ sì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹja tó wà nísàlẹ̀.