Kámẹ́rà Ló Ń Yan Káàdì

Tí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Queen Cinema, lápá Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, tó ní òun fẹ́ ra mẹ́mọ́rì kámẹ́rà, ìyẹn káàdì tí fọ́tò àti fídíò ń wọ̀ sí, ìbéèrè tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ń tajà ni pé, “Gíìgì mélòó lẹ fẹ́?” Ìbéèrè náà ò burú, àmọ́ òun kọ́ ló kàn. Èyí tó kàn ni pé, kámẹ́rà wo lẹ fẹ́ kì í bọ̀? Kámẹ́rà ló ń yan káàdì. Bí káàdì ṣe tóbi tó, bó ṣe yára tó, iye tí wọ́n tà á, gbogbo rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan bí kámẹ́rà bá ti ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ihò tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lónìí ni ihò SD, fún káàdì pẹlẹbẹ tó gùn ní mílímítà 32, tó fẹ̀ ní mílímítà 24, tí wọ́n gé igun rẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má baà kì í bọ̀ lódìlódì. Ọdún 1999 ni SanDisk, Panasonic àti Toshiba para pọ̀ gbé e jáde. CompactFlash ti wà ṣáájú rẹ̀, láti ọdún 1994. Ìyẹn fẹ̀ ju SD lọ, ó sì nípọn jù ú lọ. Canon 5D Mark II tó jáde ní 2008, tí tòkunbọ̀ rẹ̀ ṣì ń bá àwọn ayàwòrán lọ òde, CompactFlash nìkan ló ń gbà. Inú ihò rẹ̀, abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ 50 ló tò síbẹ̀. Ẹni tó bá gbé káàdì wọ́ọ́rọ́, tó sì rí i pé ó le, kó fà á jáde kó tún un gbé. Tó bá fipá tì í, abẹ́rẹ́ kan á tẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì kúrò ní ti ká ra káàdì, á di ti ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe.

Àwọn kámẹ́rà tuntun náà ti ní ihò tiwọn. CFexpress ni orúkọ tí à ń gbọ́ jù, ó ní Type A, ó ní Type B, ọ̀kan ò sì wọ ihò èkejì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Canon EOS R5 ní ihò méjì, ọ̀kan fún CFexpress Type B, ọ̀kan fún SD. Sony A7 IV náà ní méjì, àmọ́ ihò rẹ̀ kan ń gba SD, ó tún ń gba CFexpress Type A. Ní ti àwọn kámẹ́rà kékeré àtijọ́ tí àwọn ọmọ yunifásítì tún ń hú jáde nínú àpótí àwọn òbí wọn báyìí, kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ wò dáadáa kí wọ́n tó náwó. Ọ̀pọ̀ Olympus àti Fujifilm ìgbà yẹn, káàdì xD ni wọ́n ń lò. Ti Sony ń lo Memory Stick. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti di ohun à ń wá kiri lọ́jà.

Ká ní ihò SD ni. Ẹjọ́ ò tíì tán. Káàdì SD pín sí ìran-ìran, bí ọ̀bọ sì ti ṣorí ni ìnàkí ṣe: tí wọ́n bá tò wọ́n sórí tábìlì, ìrísí wọn ò yàtọ̀, àfi lẹ́tà kéékèèké tó wà lára wọn. Èyí tó jẹ́ SD lásán ò kọjá 2GB, ìyẹn gíìgì méjì. SDHC, tó jáde ní 2006, bẹ̀rẹ̀ láti òkè 2GB, ó parí sí 32GB. SDXC, tó tẹ̀ lé e ní 2009, bẹ̀rẹ̀ láti òkè 32GB, ó sì lè dé 2TB, ìyẹn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì gíìgì. Kámẹ́rà tuntun máa ń gba ti àtijọ́. Ti àtijọ́ kì í gba tuntun, torí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń to nǹkan sínú káàdì ti yí padà, ẹni tó ṣe kámẹ́rà náà ò sì lè kọ́ ọ ní ohun tí wọn ò tíì dá sílẹ̀ nígbà yẹn. Nikon D90, kámẹ́rà 2008, SD àti SDHC ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ra káàdì 128GB fún un ti ra ohun tí wọn ò ṣèlérí fún un.

Ibí yìí ni “ó wọlé” ti máa ń tan èèyàn. Káàdì á wọlé, á ró kẹ́, ìdérí á pa dé, lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà á kọ ọ́ sójú gíláàsì rẹ̀ pé òun ò lè lo káàdì yìí, tàbí kó ní kí wọ́n fọ́mátì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n nu inú rẹ̀ kí wọ́n sì tún un tò, kí wọ́n fọ́mátì rẹ̀ tán, kó tún ní kí wọ́n fọ́mátì rẹ̀. Òǹtajà ò purọ́, ó wọlé lóòótọ́. Ìwé kékeré tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí ló ní ìdáhùn, tàbí ìwé kan náà lórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ojú ewé tí wọ́n kọ “memory card” sí ni kéèyàn wá, kó sì ka ìran tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ṣe é rí.

Ọ̀rọ̀ ìyára ló wá lọ́jú pọ̀ jù. Ẹ mú káàdì kan tí wọ́n kọ 170 MB/s (mẹ́gábáìtì 170 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) sí gàdàgbà, pẹ̀lú àmì I, U tí 3 wà nínú rẹ̀, àti V30. Nọ́ńbà gàdàgbà yẹn ló ń ta káàdì, òun ló sì wúlò kéré jù fún kámẹ́rà. Ìyára tí wọ́n fi ń kó àwòrán jáde lọ sínú kọ̀ǹpútà ni, ìyẹn náà tí gbogbo nǹkan bá dára délẹ̀. Èyí tí kámẹ́rà fi ń kó àwòrán wọlé kéré sí i, iléeṣẹ́ sì lè má kọ ọ́ síwájú káàdì rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni àmì I yẹn túmọ̀ sí UHS-I, ọ̀nà kan tí káàdì SD àti kámẹ́rà fi ń kó nǹkan fún ara wọn, tí òpin rẹ̀ jẹ́ 104 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tó bá kọjá ìyẹn, ọgbọ́n àdáni iléeṣẹ́ tó ṣe káàdì ni. Kámẹ́rà kì í sábàá mọ ọgbọ́n náà.

Àwọn àmì kéékèèké ni kí ojú wà lára wọn. Nọ́ńbà tó wà nínú C, nínú U, tàbí lẹ́yìn V, ìlérí ni: káàdì ò ní lọ sílẹ̀ ju báyìí lọ nígbà tí fídíò bá ń wọlé. C10 àti U1 ṣèlérí 10 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, U3 àti V30 ṣèlérí 30, V60 ṣèlérí 60, V90 ṣèlérí 90. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fọ́tò nìkan, tí kì í tẹ̀ ẹ́ léraléra, lè má wá V kankan. Fídíò ni ò fẹ́ ìdádúró. Tí káàdì bá fà sẹ́yìn díẹ̀, kámẹ́rà á dá gbígbà dúró láàárín ìsọ̀rọ̀ bàbá ìyàwó.

Ìṣirò tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú rèé. Kámẹ́rà á sọ pé fídíò 4K òun jẹ́ 100 Mbps, káàdì ní 30 MB/s, ẹni tó ń rà á á ronú pé 30 ò lè gbé 100. Ẹ wo lẹ́tà b dáadáa. Kékeré ni ti kámẹ́rà, bíìtì ni. Ńlá ni ti káàdì, báìtì ni, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Ká pín 100 sí ọ̀nà mẹ́jọ, 12.5 MB péré ni kámẹ́rà ń tú jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. V30 gbé e, àyè sì ṣẹ́ kù. Fídíò tó bá jẹ́ 400 Mbps, 50 MB nìyẹn, V60 ló kàn án. Àwọn kan máa ń ra V90, èyí tó wọ́n jù nínú gbogbo wọn, fún kámẹ́rà tí fídíò rẹ̀ ò kọjá 100 Mbps. Owó náà ì bá ra bátìrì kejì.

Ti fọ́tò yàtọ̀. Inú kámẹ́rà, àyè kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní buffer, ibẹ̀ ni fọ́tò máa ń dúró sí kó tó wọnú káàdì. Ẹ rántí ilé alámàlà lọ́wọ́ ọ̀sán. Ẹni tó ń bu oúnjẹ ni káàdì, èrò tó tò níwájú rẹ̀ ni fọ́tò, yàrá tí wọ́n tò sí ni buffer. Tí ọwọ́ abuúnjẹ bá yá, yàrá ò ní kún. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá falẹ̀, èrò á kún dé ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíì ò sì ní ráyè wọlé. Nígbà tí ìyá ọkọ bá jáde síjó ní gbọ̀ngàn, tí owó ń fò lórí ìyàwó, ayàwòrán á di bọ́tìnnì mú, kámẹ́rà á máa ró ta-ta-ta-ta, lójijì kó dákẹ́. Iná pupa kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn, kò gba ọwọ́ mọ́. Kámẹ́rà ò bàjẹ́, ó ń dúró de káàdì ni.

Káàdì tó yára nìkan kọ́ ló ń wo èyí sàn. UHS-II, tó ní ìlà irin méjì lẹ́yìn, lè dé 312 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n inú kámẹ́rà tí ihò rẹ̀ ní ìlà kan, bíi UHS-I ló máa ṣe. Á ṣiṣẹ́ o, owó ìlà kejì ló ṣòfò. Canon 5D Mark III dá ti ẹ̀ yàtọ̀: ó ní ihò CompactFlash kan àti ihò SD kan, àmọ́ ihò SD rẹ̀ ò mọ UHS kankan. Ẹni tó bá ń kọ fọ́tò sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti SD tó falẹ̀ ni CompactFlash máa ń dúró dè. Bí irú káàdì SD tó wà níbẹ̀ tilẹ̀ wọ́n tó ilé, ẹsẹ̀ ò ní yá.

Ìgbà yìí la lè wá dáhùn òǹtajà wa pé gíìgì mélòó. Fọ́tò RAW kan, ìyẹn èyí tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, láti kámẹ́rà 24 mẹ́gápíksẹ́lì máa ń tó 25 sí 30 MB, nítorí náà 32GB á gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. JPEG, èyí tí kámẹ́rà ti fún pọ̀, kéré sí i gan-an. Fídíò 100 Mbps ń jẹ 45GB ní wákàtí kan, 64GB ò sì ní pé wákàtí kan ààbọ̀. Fún òde tó máa gba odindi ọjọ́, káàdì 64GB méjì tàbí mẹ́ta sàn ju 256GB ẹyọ kan lọ, kí gbogbo ẹyin má wà nínú apẹ̀rẹ̀ tó lè já. Kámẹ́rà tó ní ihò méjì lè kọ fọ́tò kan náà sí káàdì méjèèjì, ẹni tó ń gbowó ìgbéyàwó ò sì yẹ kó ṣe é bí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá ki 64GB bọ kọ̀ǹpútà, tó sọ pé 59.6 ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jí nǹkan kan. Iléeṣẹ́ ń ka gíìgì ní ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún, Windows ń ka tirẹ̀ ní 1024. Àmọ́ ayédèrú wà lọ́jà, òun sì ni ọ̀rọ̀ gidi. Inú gbogbo káàdì ni ẹ̀yà kékeré kan wà tó ń sọ fún kámẹ́rà pé báyìí-báyìí ni mo tóbi tó. Àwọn oníjìbìtì ń kọ́ ọ ní irọ́. Káàdì tí kò ju 8GB lọ á ní òun jẹ́ 512GB, kámẹ́rà á gbà á gbọ́, fọ́tò àkọ́kọ́ á wọlé dáadáa, ìgbà tí 8GB bá kún ni àwọn tó kù ò ní ríbi dúró sí, tàbí kí wọ́n máa gun orí àwọn ti àkọ́kọ́. Orúkọ fáìlì á wà níbẹ̀, fọ́tò ò ní ṣí. Òǹtajà fúnra rẹ̀ lè má mọ̀, nítorí páálí rẹ̀ á dán bíi ti ojúlówó.

Ohun tó dájú jù tó ń tú irú káàdì bẹ́ẹ̀ fó ni kí wọ́n kọ nǹkan kún un dé ẹnu, kí wọ́n sì kà á padà. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní H2testw ń ṣe é lórí Windows, F3 ń ṣe é lórí Linux àti Mac, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Tí káàdì bá ń gba 20 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kíkọ 64GB kún nìkan á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 53, kò sí ẹni tó máa dúró ṣe ìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ṣe ni kéèyàn bá òǹtajà sọ ọ́ kó tó sanwó pé òun á dá a padà bí kò bá pé, kó gba rìsíìtì, kó sì ṣe é nílé níjọ́ tí iná bá wà, kì í ṣe òru tí òde máa mọ́.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, inú kámẹ́rà ni kí wọ́n ti fọ́mátì rẹ̀, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà, kí kámẹ́rà lè to àwọn fódà rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Bí káàdì tuntun bá wá kọ̀ láti gba fọ́tò, tí kámẹ́rà ní wọ́n ti tì í pa, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Bọ́tìnnì pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kan wà níbẹ̀ tó lè ti yọ̀ wálẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kì í bọ̀. Tó bá ti já sọnù pátápátá, kámẹ́rà á gbà pé títì ló wà títí láé. Àwọn ayàwòrán máa ń lẹ sẹ́lótéèpù tín-ín-rín mọ́ ojú ibẹ̀, káàdì á sì ṣiṣẹ́, títí ọjọ́ tí sẹ́lótéèpù náà bá ṣí sínú ihò kámẹ́rà.