Bí nǹkan ṣe ń lọ nígbà tí ẹṣin ẹni bá ń gbé ní ibùso ẹlòmíràn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹṣin ni kò ní ilẹ̀ tí yóò gbà á. Ibùso ẹlòmíràn ni wọ́n ń so ó mọ́, wọ́n sì ń sanwó lóṣooṣù. Àdéhùn wọ̀nyí kò dọ́gba. Òmíràn wà tó jẹ́ pé yàrá àti pápá nìkan ni owó wà fún, tí olówó ẹṣin á máa wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti fún un lóúnjẹ, kó ìgbẹ́, kó sì tú u sí pápá. Òmíràn wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ibùso ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀ ló wọ́n jù.

Ikùn ẹṣin ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣeé sún di ọ̀la. Àpò oúnjẹ inú rẹ̀ kéré sí ara rẹ̀: kì í sábà gbà ju lítà 8 sí 15 lọ, omi kíkan sì ń sun nínú rẹ̀ tọ̀sántòru, yálà oúnjẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ní pápá, ẹṣin lè fi nǹkan bíi wákàtí 16 jẹko lójúmọ́. Bí a bá wá sé e mọ́lé, tí koríko gbígbẹ rẹ̀ tán lálẹ́, omi kíkan yẹn á máa jẹ ara àpò náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹṣin kò sì lè bì. Ohun tó bá há sí i nínú, inú ló máa wà.

Inú rírun wà lára ohun tó ń pa ẹṣin jù. Ẹṣin tó bá ń ṣe á máa fi pátákò walẹ̀, á máa bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, á dùbúlẹ̀, á dìde, á tún yí gbiri, òógùn á bò ó. Dókítà ẹran ni kí a pè lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ kí ó tó dé bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ ti sábà máa ń sọ̀rọ̀: á dínkù, á gbẹ, á kéré. Ẹni tó ń gbálẹ̀ yàrá ló ń kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà, ẹni tó sanwó kí wọ́n máa bá òun ṣe gbogbo iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa béèrè lójoojúmọ́ bí ìgbẹ́ àti omi mímu ẹṣin rẹ̀ ti rí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Ẹṣin kan lèèyàn rà, ṣùgbọ́n inú agbo ló bọ́ sí. Bí ẹnì kan bá kó ẹṣin tirẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n jọ ń jẹko lè máa yán kiri ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kó má jẹun, kí ọkàn olówó rẹ̀ má sì balẹ̀ níbi iṣẹ́. Bí ẹnì kan kò bá kó ìgbẹ́ ẹṣin rẹ̀ ní pápá, aràn á ràn mọ́ tàwọn tó kù. Bakitéríà Streptococcus equi, tó ń mú kókó wú lábẹ́ àgbọ̀n ẹṣin, a máa gba inú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọwọ́ èèyàn ràn. Ìdí nìyí tí ibùso tó mọṣẹ́ fi ń ya ẹṣin tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí irú òfin bẹ́ẹ̀, pàápàá láàárín àwọn tó ti di ọ̀rẹ́.

Gígé pátákò, ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kì í sábà fa ìjà.

Ọjọ́ ogbó ló le jù. Ẹṣin lè pé ọdún 25 sí 30, ó sì lè ti kọjá ẹni à ń gùn tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Owó ibùso kò ní torí ìyẹn dínkù. Bí ìrora bá wá borí, olówó rẹ̀ ni yóò pinnu bóyá kí dókítà dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò. Ó sàn kí ó ti bá dókítà àti alábòójútó ibùso sọ ọ́ nígbà tí ara ẹṣin ṣì dá. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó lè pinnu bí wọn kò bá rí òun bá sọ̀rọ̀, àti iye owó tí onítọ̀hún lè gbà láti ná. Kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹṣin, pẹ̀lú nọ́ńbà dókítà àti ohun tí a ń retí lára ẹṣin tó dá pé: ìgbóná ara bíi 37.5 sí 38.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ọkàn máa lù nígbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan.